Ẹ̀yin Ọmọ, Níbo Ló Wà?

Àìkú, 11 oṣù Kejì, 1945

Mo ṣa eyín Bàbá Kryštof, bàbá ọkọ mi, nílẹ̀ lónìí, mo kó o sínú épírọ́ọ̀nù mi. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó ṣì wà nínú ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, n kò lè dà á nù, n kò sì lè wò ó.

Nítorí Sátánì ni. Láti ìgbà ìkórè ni àwọn ará Jámánì ti ti gbogbo ilé eré pa, eré ọmọlangidi tiwa nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, torí pé ó ń pa àwọn sójà tó gbọgbẹ́ lẹ́rìn-ín, àwọn tí wọ́n kó sí ilé ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni a ti lọ ṣeré. Sátánì wa ń tiro. Pátákò ẹṣin ni ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì, bẹ́ẹ̀ ni bàbá àgbà Bàbá ṣe gbẹ́ ẹ, kò sì sí Sátánì onígi kan ní gbogbo ilẹ̀ Czech tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Kašpárek, aláwàdà onígi wa, jáde pẹ̀lú fìlà pupa rẹ̀, ó fi kùmọ̀ gbá a lórí bó ti máa ń ṣe, àwọn sójà ń rẹ́rìn-ín. Ni ọ̀gá wọn kan tí bọ́ǹbù ti gé etí rẹ̀ kan bá dìde. Ó ní ọkùnrin ńlá kan wà ní Berlin tó ń tiro báyìí gẹ́lẹ́, pé òun ni Bàbá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá ò gbọ́ Jámánì tó bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ọkùnrin náà ń yin eré òun ni. Ó tẹrí ba fún un.

Ìdí ìbọn ló fi pàdé ẹnu Bàbá. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá fi orúnkún ṣẹ́ igi ìdáná.

Elétí-Kan ni gbogbo ìlú ń pe ọ̀gá náà. Mo fẹ́ kó kú. Mo kọ ọ́ síbí kó dá mi lójú pé mo rò ó.

Ìṣẹ́gun, 13

Dókítà fi wáyà di àgbọ̀n Bàbá pa. Bàbá ní kí n gbé dígí wá, ó wo ara rẹ̀ títí, ó wá kọ ọ́ sórí síléètì: *Wáyà ti wọ orí mi. Ẹ gbé mi kọ́ sáàárín àwọn ọmọlangidi yòókù.* Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Ọbẹ̀ ànàmọ́ la ń fi róbà tẹ́ẹ́rẹ́ fún un mu.

Elétí-Kan ránṣẹ́ pé a gbọ́dọ̀ ṣeré ní Àìkú tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Bí a ò bá ṣe é, àwọn á kó pèpéle àti gbogbo ọmọlangidi lọ dáná. Ta ni yóò sọ̀rọ̀? Nínú iṣẹ́ wa, ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn, ọba, ayaba, olè, ikú. Ìyàwó rẹ̀ á máa na ọmọlangidi sí i, á sì pa ẹnu dé. Metoděj ọkọ mi ni ipò náà tọ́ sí, ṣùgbọ́n láti ìgbà òtútù èṣí ni wọ́n ti kó o lọ sí Jámánì, ó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú fún wọn. Mo ní n óò sọ ọ́. Bàbá kọ ọ́ gàdàgbà: *Obìnrin kì í sọ̀rọ̀ fún Kašpárek.*

Apolena tó ni ilé ọtí, tí a ń gbé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí pèpéle wa wà nínú gbọ̀ngàn rẹ̀, ń kà á lórí èjìká Bàbá. Ó ní, "Bàbá Kryštof, ẹ̀yin náà ò lè sọ̀rọ̀ fún un mọ́. Àbí ewúrẹ́ mi lẹ fẹ́ kó sọ ọ́?"

Ẹtì, 16

Metoděj ti dé.

Àbámẹ́ta, 17

Bọ́ǹbù wó ilé iṣẹ́ tó wà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ oníwàrà ló fara pamọ́ sí títí dé ẹnu ọ̀nà wa láàárọ̀ àná, àkísà ló wé mọ́ ẹsẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dúdú bí èédú. N kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Mo gbé àáké sókè sí i.

Ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kò lọ́ ọ̀rọ̀ lọ́rùn: ẹni tó bá fi ìsáǹsá pamọ́, tòun tilé rẹ̀ ni wọn yóò pa. Ilé wa ni Bàbá, èmi, àti Liduška tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin.

Abẹ́ pèpéle la fi í sí, lábẹ́ pátákó tí ẹni tó ń darí ọmọlangidi máa ń dúró lé. Inú rẹ̀ ṣófo. Ibẹ̀ ni Sátánì ti ń yọ jáde, ọ̀run àpáàdì ni àwa oníṣẹ́ yìí ń pè é. Bàbá ló ṣí pátákó. Metoděj wọ inú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, láti kékeré lẹ ti ń sọ pé ibẹ̀ ni n óò parí sí." Ẹ̀rín gbé Bàbá, wáyà kò jẹ́ kó rín in, omijé ló ń dà.

Apolena kò mọ̀. Ẹnu Apolena kò ní ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 21

Wọ́n so ọkùnrin mẹ́ta kọ́ níwájú ibùdó rélùwéè. Àbúrò Apolena wà nínú wọn, èyí tó máa ń fọn fèrè níbi ìsìnkú. Wọ́n ní ó tú bóòtù irin rélùwéè. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, yìnyín bo orí wọn. Ọ̀nà míì ò sí tí mo lè gbà lọ tọrọ ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ tí n óò fi ra ẹsẹ̀ Metoděj.

Mo fi ìborùn bo ojú Liduška ṣùgbọ́n ó ti rí wọn. Ó rò ó títí a fi dé afárá. Ó wá ní, "Màmá, wọn ò so okùn mọ́ ọwọ́ wọn. Wọn ò ní lè ṣeré."

Ẹyin kan ti di owó tí mo fi ń ra odindi adìyẹ kí ogun tó dé. N kò rà.

Àìkú, 25

Mo ti sọ̀rọ̀ fún Kašpárek.

Inú ilé ewúrẹ́ ni mo ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ́ ohùn rẹ̀, ohùn òkè tó ń ti imú jáde. Ewúrẹ́ ń dá mi lóhùn. Bàbá jókòó lórí garawa pẹ̀lú síléètì: *Yára. Má bẹ̀ wọ́n. Kašpárek kì í bẹ èèyàn.* Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ́ gùn ju bó ti máa ń ṣe lọ. Bàbá àgbà rẹ̀ ń pọn àwọn ọmọlangidi sẹ́yìn láti abúlé dé abúlé, ẹsẹ̀ wọn ń ro kìjikìji nínú àpótí. Nígbà náà Jámánì ni àwọn olówó ìlú ńlá ń sọ, wọ́n ní èdè ilé ẹṣin ni tiwa. Nínú abà ni ọmọdé ti kọ́kọ́ gbọ́ tí ọba fi èdè wa sọ̀rọ̀, tí Kašpárek sì dá a lóhùn láìṣí fìlà. *Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn,* ni Bàbá kọ. *Kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀rù.*

Èmi ń bẹ̀rù. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ Kašpárek fi ń lu pátákó pàkàpàkà. Àwọn ọmọ ìlú tó jókòó níwájú rò pé ijó ló ń jó, wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i. Láti ibẹ̀ lara mi ti balẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí Sátánì ti sá pamọ́, tí Kašpárek béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ, níbo ló wà?" ariwo tó sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Ta ló dàgbà ní ilẹ̀ yìí tí kò kígbe dá ìbéèrè yẹn lóhùn rí? Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá. Eré tó kù, dídúró dè é ni.

Mo ń gbọ́ ẹ̀rín Metoděj lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo fi gìgísẹ̀ kan pátákó kó dákẹ́.

Bàbá wá kọ ọ́ fún mi pé: *Apá ọ̀tún Kašpárek ń wọ́.* Kò kọ nǹkan kan nípa obìnrin.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù Kẹta

Liduška ti rí i. Ó lọ wá bọ́ọ̀lù òwú rẹ̀ lábẹ́ pèpéle, ó bá bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ó ti jókòó sórí àyà rẹ̀, ó ń ka irùngbọ̀n rẹ̀ bí ẹni ń wá iná orí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni ọmọdé. Ó ní, "Mo mọ̀. Wọn yóò so ó kọ́."

Àìkú, 11

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an kí ọkàn mi tó tún un ṣe.

Wọ́n ti mú oníwàrà láti ọjọ́ Ẹtì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́pàá inú Jámánì méjì oníkóòtù aláwọ fi wọ gbọ̀ngàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò bọ́ fìlà. Elétí-Kan jókòó nítòsí wọn. Àwọn ọmọ wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú, Liduška láàárín wọn. Mo ń wò wọ́n láti ihò aṣọ ìkélé.

A ṣe é dé ibi tí Sátánì ti lúgọ sẹ́yìn igi. Ó yẹ kí n fo ìbéèrè yẹn. Ta ni ìbá bi mí? Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti mọ ọ̀nà kì í dúró de orí. Kašpárek yíjú sí wọn, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, níbo ló wà?"

Wọ́n kígbe pé, "Lẹ́yìn igi!"

Kašpárek máa ń ṣe bí adití, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. "Níbo lẹ wí?"

Wọ́n dákẹ́ láti fa èémí sínú. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni ọmọ mi dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó ń bínú pé wọn ò mọ̀ ọ́n. "Irọ́ ni wọ́n ń pa," ó wí. "Abẹ́ pèpéle ni bàbá mi wà."

Ẹnì kan wúkọ́. Mo gbọ́ bí igi ṣe ń jó nínú ààrò.

Kašpárek ló sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Ó ní, "Áà, ọ̀run àpáàdì ni bàbá tìrẹ wà? Kí ló ṣe? Ọtí ló mu gbàgbé ilé, àbí pẹ́pẹ́yẹ àlùfáà ló jẹ?" Àwọn ará ìlú rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ọ̀bẹ wà lọ́rùn rẹ̀. Mo sọ Sátánì kalẹ̀ sínú ihò, mo tún fà á jáde, mo ní òun nìkan ló wà níbẹ̀, òtútù ló sì ń pa á.

Àwọn oníkóòtù kò rẹ́rìn-ín. Elétí-Kan, tó ti gbọ́ díẹ̀ nínú èdè wa, túmọ̀ ohun tí ọmọ náà wí fún wọn. Wọ́n mi orí sí i. Ó gun àtẹ̀gùn wá sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó fi èjìká ti Bàbá dànù, ó yọ ọ̀bẹ ìbọn rẹ̀.

"Ṣeré lọ," ó wí fún mi.

Mo ń ṣeré. Ó ki ọ̀bẹ bọ àárín pátákó, kò sí nǹkan. Ó sún, ó tún kì í, kò sí nǹkan. Ìkẹta, ọ̀bẹ dúró bó ti ń dúró nínú ẹran. Metoděj ké. Kí igbe náà tó jáde tán mo ti fi ohùn Sátánì ké lé e lórí, igbe tí n kò mọ̀ pé ó wà nínú mi. Mo ń ju Sátánì sókè sódò bí ẹni tí iná mú, mo ké títí ọ̀fun mi fi já. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ṣubú lórí ara wọn.

Ó fa ọ̀bẹ jáde. Pupa ni. Ó wò ó. Ó wò mí. Ọmọlangidi wà lọ́wọ́ mi méjèèjì, n kò ní ọwọ́ tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́. Ó gbá ẹ̀wù Sátánì mú, ẹ̀wù pupa náà, ó fi nu ọ̀bẹ rẹ̀ nù dáadáa, níwá lẹ́yìn, ó sì lọ síwájú gbọ̀ngàn.

"Eku," ó wí fún wọn ní èdè wọn. "Kìkì eku."

Mo ṣeré náà parí. Kašpárek gbé ọmọ ọba níyàwó.

Ajé, 12

Itan ni ọ̀bẹ wọ̀, ó kan egungun. A ò lè pe dókítà. Okùn dúdú tí a fi ń so ọwọ́ àwọn ọmọlangidi ni mo fi rán an, Bàbá jókòó lé e láyà. Metoděj bu igi jẹ. Igi náà ṣẹ́.

Mo na Liduška. Kì í ṣe àbàrá. Igi ìdarí Kašpárek ni mo mú, mo nà án ní ẹ̀yìn, ní itan, ní apá tó fi ń bo orí. Mo ń wí pé, "O óò tún sọ? O óò tún sọ?" Bàbá ló gba igi lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e sókè sí mi bí ẹni tó fẹ́ nà mí. Ìbá nà mí ni.

Ọmọ náà kò sunkún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀, ó sì fi wọ́n síbẹ̀ títí oorun fi gbé e.

Ọjọ́rú, 28

Wọ́n yìnbọn pa oníwàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọlọ. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ta wàrà, ojú rẹ̀ gbẹ.

Àìkú, 1 oṣù Kẹrin

Àjíǹde. Mo rí irúgbìn pópì ìwọ̀nba kan, mo fi ṣe àkàrà. Metoděj ti ń rìn nílẹ̀ pèpéle bí a bá ti ilẹ̀kùn. Ó ń tiro. Bàbá tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì tọ́ka sí Sátánì tó wà lórí ìkọ́. A rẹ́rìn-ín. Liduška kò rẹ́rìn-ín. Kò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Bí mo bá gbé ṣíbí sókè, ó máa ń fà sẹ́yìn.

Mo bi Metoděj pé kí ló rò tí Elétí-Kan fi sọ pé eku ni. Ó ní, "Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́." Ó tún rò ó. "Bóyá ó fẹ́ kí ẹnì kan jẹ òun ní gbèsè nígbà tí ogun bá parí."

Ọjọ́rú, 9 oṣù Karùn-ún

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń lù láti àárọ̀. Àwọn ará Rọ́ṣíà ti kọjá lójú pópó, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ju òdòdó líláàkì lù wọ́n. Metoděj rìn jáde sínú oòrùn, ó dúró, ó di ojú. Mo rò pé ohun tí n óò kọ lónìí nìyẹn.

Mo lọ sí gbọ̀ngàn láti lọ gbé ibora rẹ̀. Pátákó kò pa dé dáadáa. Mo gbé e. Elétí-Kan ló dùbúlẹ̀ níbẹ̀, nínú ṣẹ́ẹ̀tì àgbẹ̀ kan, kò ní bàtà, àtàǹpàkò rẹ̀ yọ nínú ìbọ̀sẹ̀. Ó fi ìka kan sí ètè.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé yìí ní oṣù Kejì pé kó kú. Mo sì pa pátákó náà dé.

N kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi wọlé, bí ìdajì ìlú. Apolena ló wà níwájú pẹ̀lú èèkù àáké. Ó ní wọ́n rí ẹlẹ́dẹ̀ náà tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. "Ìyàwó, ṣé o rí i?" Mo ní n kò rí ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ kò gbà mí gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí Liduška tó di yẹ̀rì mi mú, ó sì fi ohùn Kašpárek dá àpárá, ohùn mi gan-an: "Ọmọ mi tí kì í purọ́, níbo ló wà?"

Liduška fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Gbogbo gbọ̀ngàn ń wo ọmọ náà. Nígbà náà ni Bàbá dìde lórí àga rẹ̀. Wáyà ti kúrò ní àgbọ̀n rẹ̀ ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì padà. Ó mú kùmọ̀ kékeré Kašpárek lórí ìkọ́, ó gun pèpéle, ó sì fi kan pátákó gbàgbàgbà, bó ti máa ń kàn án kí Sátánì tó yọ.

Wọ́n fi irun fà á jáde. Ó ń pariwo ọ̀rọ̀ kan ṣáá ní Jámánì, ojú rẹ̀ lára mi. "Eku," ó ń wí. "Eku, eku." Èmi, Bàbá àti Metoděj nìkan ló mọ ohun tó fi ń rán mi létí. N kò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Ibi ẹ̀rọ omi ní gbàgede ni wọ́n ti ṣe é. Ohun tó wà lọ́wọ́ kálukú ni wọ́n fi ṣe é. Ìyàwó oníwàrà mú agolo wàrà rẹ̀ wá, ó ń fi ìdí agolo náà lu orí Elétí-Kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gún ata. Lẹ́yìn náà wọ́n so ó mọ́ òpó iná, ẹsẹ̀ lókè, orí nísàlẹ̀. Ó ṣì ń mí nígbà náà. Mo tẹ ojú Liduška mọ́ ikùn mi, etí rẹ̀ ni n kò rí ọwọ́ kẹta bò.

Metoděj tiro wọ àárín wọn. Mo pè é, kò wẹ̀yìn. N kò mọ̀ bóyá ó lọ bẹ̀ wọ́n ni, tàbí ó lọ gba tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó padà, apá ẹ̀wù rẹ̀ tutù dé ìgbọ̀nwọ́. Ó fọ ọwọ́ nínú bàsíà, ó bi mí bóyá ọbẹ̀ kù. Mo bù ú fún un.

Àìkú, 20

Eré àkọ́kọ́ lẹ́yìn ogun. Gbọ̀ngàn kún dé ojú fèrèsé, wọ́n gbé àsíá kọ́, Apolena fún gbogbo ọmọ ní àkàrà kọ̀ọ̀kan. Metoděj kọ̀ láti sọ̀rọ̀ fún wọn, ó ní èmi ni Kašpárek mọ̀ báyìí. Ó ń na ọmọlangidi sí mi, ó pa ẹnu dé. Mo ti fọ ẹ̀wù Sátánì nínú omi gbígbóná àti iyọ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ibì kan ṣì le bí páálí.

Ó ń lọ dáadáa. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọba, wọ́n rẹ́rìn-ín sí olè. Sátánì lọ sá sẹ́yìn igi, ìwo rẹ̀ yọ síta kí gbogbo ojú lè rí i. Kašpárek yíjú sí wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ, níbo ló wà?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Mo rò pé wọn ò gbọ́. Mo tún un sọ, mo gbé ohùn sókè. Mo wo ihò aṣọ ìkélé. Gbogbo wọn ni ọjọ́ yẹn bá nínú ìlú, kò sí èyí tí kò rí ohun tí a ṣe ní gbàgede. Àwọn kan ń wo bàtà wọn. Ọmọkùnrin kan ń wo ẹnu ọ̀nà. Liduška wà láàárín, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ́nu, ó sì tẹjú mọ́ Sátánì gbọnrangbọnran.

Mo fa Sátánì jáde kúrò lẹ́yìn igi, mo mú un tiro wá síwájú, ó dúró lẹ́yìn Kašpárek gan-an, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta.

Wọ́n ń wo àwọn méjèèjì. Kò sí ọmọ kan tó sọ fún un.